VPN wo la máa fi so ọ́fíìsì méjì pọ̀ tí àṣírí ò ní tú?

Iṣẹ́ ìwádìí tí mò ń ṣe fún oyè másítà mi ni kò jẹ́ kí n ráyè yọjú láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa, mo sì rò pé yóò ṣe ẹ̀yin náà láǹfààní.

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ní ilé ìtajà oògùn méjì. Ọ̀kan wà ní Ìbàdàn, ìkejì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ra ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣírò ọjà, tó sì ń tọ́jú orúkọ oníbàárà àti oògùn tí oníkálukú ń rà. Sáfà rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo àkọsílẹ̀ wà lórí rẹ̀, wà ní Ìbàdàn. Àwọn òṣìṣẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ máa bá a sọ̀rọ̀ látọ̀nà jíjìn. Àǹtí pe oníṣẹ́ kan. Ó fi VPN so ibi méjèèjì pọ̀ láàárín wákàtí méjì, ó gba owó rẹ̀, ó lọ.

Wọ́n ti lo nǹkan yìí fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó pàdé níbi ìsọmọlórúkọ kan. Àǹtí fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Gbọ́ ná, ìwọ tó ń kàwé kọ̀ǹpútà. VPN tí wọ́n ṣe fún wa yìí, ṣé ó dáa?"

Mo ní, "Irú èwo ni wọ́n ṣe fún yín, Mà?"

"Irú èwo kẹ̀? Ṣé VPN tún ní oríṣi ni?"

Ó ní oríṣi o. Àwọn kan nínú wọn lágbára, àwọn kan sì ti kú tipẹ́, a ò kàn tíì sin wọ́n ni. Èyí tí wọ́n fún Àǹtí wà lára àwọn tó ti kú.

Kí ni VPN ń ṣe gan-an?

Ẹ má jẹ́ kí VPN orí fóònù, èyí tí àwọn èèyàn fi ń wo fíìmù tí wọn ò gbà láyè lórílẹ̀-èdè wa, dà yín lójú rú. Èyí tí mò ń sọ nípa rẹ̀ ń so nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì kan mọ́ ti òmíràn, bí ẹni pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀nà gbogbo ayé, ìyẹn íntánẹ́ẹ̀tì, ni ọ̀rọ̀ náà ń gbà kọjá.

Àwọn baba ńlá wa mọ ìṣòro yìí. Bí ọba kan bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ọba ìlú míì, tí kò fẹ́ kí ìránṣẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀, àrokò ló máa pa. Owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n so pọ̀ lè túmọ̀ sí pé ọkàn mi fà sí ọ; owó ẹyọ mẹ́jọ lè túmọ̀ sí pé a jọ ara wa. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé owó lásán ni. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe náà nìyẹn, mo sì máa pè é ní ìpàrokò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ìyàtọ̀ kan wà: bí ìlú bá ti mọ ìtumọ̀ ẹyọ mẹ́fà, àrokò yẹn ti bàjẹ́. Ti kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìkan ni àṣírí.

VPN tó dáa gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan mẹ́ta. Kí ó bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Kí ó dá ẹni tó wà ní òdì kejì mọ̀ dájú. Kí ó sì mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà lójú ọ̀nà.

Ẹlòmíràn á ní, kí ni olè fẹ́ fi àkọsílẹ̀ kẹ́míìsì ṣe? Ẹ rò ó wò. Orúkọ ìyàwó tó ń ra oògùn kó lè rí ọmọ bí wà níbẹ̀. Orúkọ ọkùnrin tó ń lo oògùn àárẹ̀ ọpọlọ, tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ̀, wà níbẹ̀. Wọ́n fọkàn tán Àǹtí ni wọ́n ṣe sọ fún un. Òfin Nàìjíríà lórí ààbò dátà, tó jáde ní 2023, náà ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn sí èyí tó yẹ ká ṣọ́ ju dátà yòókù lọ.

PPTP: ẹ sá fún un

Nígbà tí mo dé Ìbàdàn, tí mo yẹ ráútà wò, PPTP ni mo bá níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi mélòó kan ló pawọ́ pọ̀ ṣe é, Microsoft sì wà lára wọn. Ìwé RFC 2637 tó ṣàlàyé rẹ̀ jáde ní 1999. Ó rọrùn láti ṣe, ó wà lórí ọ̀pọ̀ ráútà, owó kankan ò sì lé e. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ kan fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ibi tó ti jò ni ọ̀nà tó fi ń dá èèyàn mọ̀, tí wọ́n ń pè ní MS-CHAPv2. Ẹ fara balẹ̀, mo máa là á sí wẹ́wẹ́. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ lọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín kúnná di báìtì 16. Á pín báìtì 16 yìí sí ọ̀nà mẹ́ta: 7, 7 àti 2. Ìpín kọ̀ọ̀kan á di kọ́kọ́rọ́ fún ìpàrokò àtijọ́ kan tó ń jẹ́ DES, kọ́kọ́rọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì pa ohun kan náà lárokò.

Ìpín kẹta ní báìtì 2 péré, òdo ni wọ́n fi kún ìyókù. 65,536 nìkan ni ohun tó lè jẹ́; fóònù ọwọ́ yín lè dán gbogbo rẹ̀ wò kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ó ku ìpín méjì. Nítorí pé ohun kan náà làwọn méjèèjì pa lárokò, olè ò ní láti wá wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bó ṣe ń dán kọ́kọ́rọ́ DES wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá méjèèjì pọ̀ nìyẹn. Láti mọ iye kọ́kọ́rọ́ tó máa yẹ̀ wò, ẹ mú 1, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí ẹ tún un ṣe títí á fi pé ìgbà 56. Ẹ máa rí 72,057,594,037,927,936. Ó pọ̀ lójú wa, kò pọ̀ lójú ẹ̀rọ. Ní 2012, níbi àpérò DEF CON ní Las Vegas, Moxie Marlinspike àti David Hulton ṣàlàyé ẹ̀rọ tó lè yẹ gbogbo rẹ̀ wò láàárín àkókò tí kò tó ọjọ́ kan.

Èyí tó wá burú jù ni pé gígùn ọ̀rọ̀ aṣínà ò ràn án. Kó gùn láti Ìbàdàn dé Ògbómọ̀ṣọ́, báìtì 16 náà ló máa dà. Apple ti yọ PPTP kúrò lórí iPhone àti Mac láti 2016.

Mo fi Wireshark, ètò tó ń wo ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbọ́ ohun tí Ògbómọ̀ṣọ́ ń sọ bó ṣe ń wọlé. Orúkọ tó fi ń wọlé hàn kedere, láìbò. Ìbéèrè àti ìdáhùn tí olè nílò tẹ̀ lé e. Mo pe Àǹtí wá wò ó.

Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá ní, "Ṣé ẹnìkan ti rí i?"

Mi ò lè parọ́ fún un. Ẹni tó ń yọ́ tẹ́tí lójú ọ̀nà kì í fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti gba ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn sílẹ̀, ó lè jókòó sílé rẹ̀ kó máa ṣí i lọ́dún tó ń bọ̀, torí inú ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ ti jáde. Ohun tó kù láti ṣe ni ká ti ilẹ̀kùn yẹn pa lọ́jọ́ náà, ká sì yí gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà tó ti gba ibẹ̀ kọjá padà. A ṣe é. Ọjọ́ méjì ni Ògbómọ̀ṣọ́ fi kọ ọjà sínú ìwé.

L2TP àti GRE: ọ̀nà tí kò ní ilẹ̀kùn

Àwọn méjì yìí máa ń tan èèyàn jẹ. Wọ́n ń la ọ̀nà láàárín ọ́fíìsì méjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn kì í pa ohunkóhun lárokò. Bí ẹ bá rí L2TP, ẹ bi oníṣẹ́ pé, "Ṣé IPsec wà lórí rẹ̀?" Ìbéèrè kan náà ni fún GRE. Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, gbangba ni ọ̀rọ̀ yín ń lọ.

Àwọn mẹ́ta tó yẹ ká yàn nínú wọn

Àkọ́kọ́ ni IPsec pẹ̀lú IKEv2. IPsec ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà, IKEv2 ló ń ṣètò kọ́kọ́rọ́. Àǹfààní rẹ̀ tó ga jù ni pé ráútà ilé iṣẹ́ kan lè fi bá ráútà ilé iṣẹ́ míì sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2021, àjọ NSA àti CISA ti Amẹ́ríkà gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé, fún àwọn tó ń wọlé láti òkèèrè, kí wọ́n yan IKE àti IPsec tí gbogbo ayé fọwọ́ sí, kì í ṣe irú VPN orí TLS tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dá ṣe lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Àmọ́ IPsec dà bí ọjà ńlá: tútù wà níbẹ̀, bíbàjẹ́ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ṣà á. Ẹ mú AES-GCM oníbíìtì 256. Níbi tí wọ́n bá ti béèrè ẹgbẹ́ Diffie-Hellman, ẹ mú 19 tàbí 20. Bí ráútà bá ti gbó, 14 ni ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ má fọwọ́ kan DES, 3DES, MD5 àti ẹgbẹ́ 2. Ẹ má sì lo IKEv1. Láti 2023 ni wọ́n ti kọ ọ́ sára ohun àtijọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí kan ni ọ́fíìsì méjèèjì jọ ń lò, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀dá rẹ̀, kó gùn tó lẹ́tà 32. Orúkọ ilé iṣẹ́ àti ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀ kì í ṣe àṣírí o.

Ìkejì ni OpenVPN, tí James Yonan gbé jáde ní 2001. TLS, ìyẹn ààbò tí ìkànnì báńkì yín ń lò, ló gbé e ró. Ó wúlò gan-an níbi tí wọ́n bá ti dí ọ̀nà mọ́ VPN, torí ó lè gba ojúlé 443 kọjá bíi ìkànnì lásán. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń wúwo fún ráútà kékeré. Ráútà á kàn máa mí hẹlẹ.

Ìkẹta ni WireGuard, iṣẹ́ Jason Donenfeld. Ó wọ inú Linux fúnra rẹ̀ ní oṣù Kẹta 2020, pẹ̀lú Linux 5.6. Nǹkan bí ìlà 4,000 ni kóòdù rẹ̀, ìyẹn ni pé èèyàn kan lè jókòó kà á tán. Kò sí pé ẹ ń ṣa ìpàrokò níbẹ̀. Wọ́n ti bá yín yan èyí tó dáa, nítorí náà ẹ ò lè ṣèèṣì mú bíbàjẹ́. Ráútà kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ méjì, ọ̀kan fún ìta, ọ̀kan fún àṣírí. Ẹni tí wọn ò mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, bó kan ilẹ̀kùn títí, WireGuard ò ní dá a lóhùn. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ń lọ, ó ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ tó fi ń pa á lárokò ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, kí ẹni tó bá rí ọ̀kan lónìí má baà fi ṣí ti àná. IKEv2 àti OpenVPN náà lè ṣe irú èyí. PPTP kò lè ṣe é.

Ibi tí WireGuard ò bá yín mu ni ibi tí òfin bá ti yan ìpàrokò fún yín, bí iṣẹ́ ìjọba kan tó ní AES ni dandan. Ẹ padà sí IPsec nìyẹn.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ

Ṣé ẹ ríi, níbi ìsọmọlórúkọ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, òwe yẹn náà ni ìdáhùn rẹ̀. Kí ẹ tó yan VPN, ẹ wo ọ́fíìsì yín.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ilé sí ilé ni tàbí èèyàn sí ilé. Bó bá jẹ́ pé ọ́fíìsì méjì ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru, ráútà méjèèjì ni kí ẹ so pọ̀. Òṣìṣẹ́ ò ní láti tẹ nǹkan kan. Bó bá jẹ́ pé akọ̀wé kan ló ń ṣiṣẹ́ láti ilé rẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fún ní kọ́kọ́rọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, íntánẹ́ẹ̀tì orí káàdì fóònù ni wọ́n ń lò. Irú èyí dà bí ilé tí ọ̀pọ̀ ayálégbé wà nínú rẹ̀, tó ní nọ́ńbà kan ṣoṣo lójú títì. Ayálégbé lè jáde lọ síbi tó wù ú, ṣùgbọ́n àlejò tó dé ẹnu ọ̀nà ò mọ yàrá tó máa kàn. Bí àdírẹ́ẹ̀sì tí ráútà yín gbà bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ lẹ wà. Ọ́fíìsì kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ tí ayé lè kàn. A san owó fún ti Ìbàdàn. Ògbómọ̀ṣọ́ ló wá ń kan ilẹ̀kùn Ìbàdàn, tó sì ń rán ọ̀rọ̀ kékeré kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 25, kí ọ̀nà má baà padé.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tí ráútà méjèèjì mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ẹ bá ti ní èyí tó mọ IKEv2 dáadáa, ẹ ò nílò láti náwó lé WireGuard. Ti Àǹtí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ò mọ èyíkéyìí nínú méjèèjì, torí náà a ra òmíràn, a sì yan WireGuard: oníbàárà kékeré, òṣìṣẹ́ díẹ̀, kò sí ẹnjiníà tó máa jókòó tì í.

Àṣìṣe tèmi

Ẹ má rò pé mo kàn débẹ̀ tí gbogbo nǹkan tò. Ọ̀nà ṣí, ráútà méjèèjì ń kí ara wọn, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ò rí sáfà. Mo jókòó síbẹ̀ títí iná fi lọ tí jẹnẹrétọ̀ fi wọlé. Ó wá hàn pé ráútà tuntun Ògbómọ̀ṣọ́ ń pín àdírẹ́ẹ̀sì 192.168.1, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti Ìbàdàn. Bí kọ̀ǹpútà Ògbómọ̀ṣọ́ bá pe 192.168.1.10, inú ilé tirẹ̀ ló ń wá a, kò ronú kan ọ̀nà Ìbàdàn rárá. Àdúgbò méjì ò lè jẹ́ orúkọ kan náà kí lẹ́tà má ṣìnà. Mo sọ Ìbàdàn di 10.20.1, mo sọ Ògbómọ̀ṣọ́ di 10.20.2, ó dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ pín àdírẹ́ẹ̀sì lórí ìwé kí ẹ tó fọwọ́ kan ráútà.

Lẹ́yìn èyí ni mo ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í ṣe. VPN so ilé méjì pọ̀, kò ní kí gbogbo ẹni tó wà nínú wọn máa rìn bó ṣe wù wọ́n. Mo jẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tajà ní Ògbómọ̀ṣọ́ dé orí sáfà nìkan, lójúlé kan ṣoṣo tí ètò náà ń lò. Fóònù òṣìṣẹ́, kámẹ́rà ara ògiri àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò débẹ̀. Bí kòkòrò kan bá wọ fóònù ẹnìkan, kò ní rí ọ̀nà dé Ìbàdàn.

Ti kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Orí ráútà kọ̀ọ̀kan ni mo ti ṣẹ̀dá tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ìta ni mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kò séwu níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí ò kúrò níbi tí wọ́n ti bí i. Bí oníṣẹ́ yín bá fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù, ẹ ní kó ṣe òmíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ bi oníṣẹ́ yín léèrè lọ́la, ẹ mú márùn-ún yìí lọ. Irú VPN wo ni? Ìpàrokò wo ló ń lò? Níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà? Kí ni ọ́fíìsì kan lè dé nínú ìkejì? Ta ló máa sọ sọ́fítíwià ráútà dọ̀tun bí wọ́n bá rí àlébù? Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ò ní bínú sí ìbéèrè yìí.

Ọjọ́ tí mo parí rẹ̀, Àǹtí bi mí pé, "Ṣé àṣírí àwọn oníbàárà mi ti wá bò báyìí?"

Mo ní, "Lójú ọ̀nà, ó bò, Mà. Nínú ilé ńkọ́?" Mo nawọ́ sí bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà tó wà lórí káńtà. Ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà ló wà lórí rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà-gadagba.

Àǹtí fọwọ́ ara wọn já a.

Ó dìgbà kan ná.